Epo Tí Jàmíátù Fi Ẹsẹ̀ Tẹ̀

"Tún purọ́! Tún purọ́ kí n gbọ́!"

Bí Àsíìsì ọmọ mi ṣe ń sọ ọ́ ni pàṣán ń bọ́ sí ẹ̀yìn Jàmíátù, ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà bu epo pupa Fáyọ̀kẹ́, obìnrin tí a jọ ń fún epo níbi ìfúnpo wa ní Ìlá, ó tà á, ó fi ra dátà. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé! Wọ́n nà án nígbà àkọ́kọ́, ohun tó sì rí kọ́ kò ju bí a ṣe ń fi ìgò epo pamọ́ sínú àpò gàrí lọ.

Mo gba pàṣán náà.

"Ìyá mi, ẹ máa bà á jẹ́ o!"

"Àsíìsì, o ti fi ọwọ́ ọ̀tún nà án títí. Òsì tí wọ́n ní kó fà á mọ́ra ńkọ́? Àbí wọ́n ti gé e ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú Jàmíátù lọ bá Fáyọ̀kẹ́, ẹni tí orúnkún ń dùn.

"Ìyá, olè lẹ mú wá fún mi?"

"Ẹsẹ̀ ni mo mú wá. Yóò máa bá ọ tẹ ẹyìn títí epo rẹ yóò fi pé."

Jàmíátù wọ inú kòtò tí a ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn sísè. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, ó ń sunkún. Nígbà tí epo léfòó tán, tí a kó o jọ, kò kún garawa.

"Màmá, gbogbo wàhálà yìí, epo ibẹ̀ nìyí?"

Fáyọ̀kẹ́ ń fọwọ́ pa orúnkún. "Òun nìyẹn. Òun náà lo bù."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá."

Epo Fáyọ̀kẹ́ pé, síbẹ̀ Jàmíátù ò dẹ́kun lílọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun nìkan ló ń ṣọ́ epo. Bàrákátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ìgò dé. Kò mọ̀ pé mò ń ṣa ẹyìn lẹ́yìn ògiri.

"Bu díẹ̀ jàre. Bàbá ẹ ò sí ńlé, ta ni yóò nà ẹ́?"

"Ta ló ń sọ ti ẹgba? Ẹsẹ̀ mi ló tẹ epo yìí. Mo mọ orúnkún tó ń dun ẹni tó ni ín. Gbé ìgò ẹ, kó o máa lọ!"

Háà! Mo jó jáde lẹ́yìn ògiri, arúgbó èmi:

"Pàṣán ò mọ̀nà ọkàn o,
Ẹ̀yìn nìkan ló mọ̀.
Ìtìjú mọ̀nà ọkàn o,
Ó wọlé, ó jókòó!"

Lónìí, ọwọ́ Jàmíátù ni kọ́kọ́rọ́ ibi ìfúnpo wà. Fáyọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́. Ọmọ ọmọ mi ni o!

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹni tó ń sá fún ẹgba nìkan, bí ẹgba bá jáde nílé, á tún jalè. Ẹni tó bá mọ làálàá ọmọnìkejì kò ní í fọwọ́ kan ohun tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ì báà má sí níbẹ̀.

Pàṣán Àsíìsì ńkọ́? Òun ni mo fi ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹyìn. Ojoojúmọ́ ni mò ń nà wọ́n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń padà wá.