Ojú Ẹsẹ̀ Tútù ní Yàrá Abẹ́ Ilé

Títì pa ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wà. Yìnyín tó ga dé ìbàdí ènìyàn lóde kò ní ojú ẹsẹ̀ kankan. Síbẹ̀, omi wà lórí kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí Sigrun Bjarnason tẹ́ sí yàrá abẹ́ ilé rẹ̀. Òrùlé kò jò. Ojú bàtà méjì ni omi náà yà sílẹ̀, wọ́n dúró ṣinṣin bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù.

Sigrun ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ní oṣù kẹsàn-án ni rọpárọsẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀, dókítà sì ní kó gbàgbé gọ́ọ̀fù. Obìnrin tó ti gba ife ẹ̀yẹ gọ́ọ̀fù ìlú wọn, tó wà létí adágún, lẹ́ẹ̀mẹta! Kò bá dókítà jiyàn. Ó délé, ó so àwọ̀n tí yóò máa gba bọ́ọ̀lù mọ́ òpó yàrá abẹ́ ilé, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án gbogbo, tòun ti ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbọ̀n. Àádọ́ta bọ́ọ̀lù lójúmọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, kò sí ẹyọ kan tó bà dáadáa nínú wọn.

Thora, àbúrò rẹ̀, gbé ọbẹ̀ ẹran àgùntàn wá bá a ní yàrá abẹ́ ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò kúkú jókòó kẹ́ ẹ máa hun ìbọ̀sẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ yín?"

"Ìwọ hun tìẹ. Jẹ́ kí yìnyín yọ́ ná."

"Orí kunkun! Bàbá wa lẹ jọ." Thora wolẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ta ló gbé bàtà tútù wọlé?"

"Èmi náà ò mọ̀. Ọjọ́ kẹrin rèé."

Ẹ̀rù ba Sigrun, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ kejì, ojú ẹsẹ̀ tún wà níbẹ̀, òórùn afẹ́fẹ́ adágún sì gba inú yàrá náà kan. Ó wò wọ́n títí. Wọ́n súnmọ́ ara wọn ju bó ṣe máa ń dúró lọ. Ti òsì sì yà síta díẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó rọra ki ẹsẹ̀ bọ inú omi náà. Òtútù gùn ún dé orúnkún. Ó gbé ọ̀pá gọ́ọ̀fù sókè, ó gbá bọ́ọ̀lù.

Gbì! Àwọ̀n fẹ̀ sẹ́yìn. Láti oṣù kẹsàn-án, kò tíì gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò wádìí mọ́. Ojú ẹsẹ̀ ń sún díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, òun náà ń tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ tó ń gbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn.

Ní oṣù karùn-ún, yìnyín yọ́, wọ́n ṣí pápá gọ́ọ̀fù. Ìlú péjọ láti wo Sigrun. Thora fọwọ́ bo ẹnu. Sigrun gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù náà lọ tààrà bí ohun tí wọ́n fi okùn fà, ó balẹ̀ lẹ́bàá àsíá tí wọ́n rì sínú ihò. Ariwo sọ.

Petro Hnatiuk tó ń tọ́jú pápá ṣí fìlà fún un. "Kò yà mí lẹ́nu, mà. Ta ló lè ṣe ohun tẹ́ ẹ ṣe? Gbogbo ọ̀sán ni mò ń rí yín níbí, nínú òtútù tó ń pa ẹyẹ. Mo juwọ́ juwọ́, ẹ ò dá mi lóhùn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé akọni lobìnrin yìí."

"Níbo?"

"Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yìí gan-an." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àfi pé n kò rí ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ rí nínú yìnyín."

"Petro, ilé ni mo wà. N kò jáde."

Petro ti ń wo iwájú. Lábẹ́ oòrùn yẹn, obìnrin kan tó wọ ẹ̀wù òtútù nípọn dúró lẹ́bàá ihò, bàtà rẹ̀ tutù rinrin, ti òsì yà síta díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àsíá yọ, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí a ti ń ṣe fún ọ̀gá tó fẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè. Ojú Sigrun gan-an ni ojú rẹ̀.

Sigrun di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó sì ń lọ bá a.