Ẹ̀jẹ̀ Tó Pẹ́ Kó Tó Dé Inú Ẹ̀rọ

Ìjà ni wọ́n fi mọ ara wọn. Ọkùnrin kan, tí gbogbo láàbù ilé ìwòsàn ń pè ní Ọ̀gá Àwòrán, wá sí yàrá tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, ó ní èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sóun kì í tètè dé. Obìnrin tó ń gbà á ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní ó ti rẹ òun, kó fa àga kan jókòó kó tó máa báni jà. Ó jókòó. Ìgbà tó fi máa dìde, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Iṣẹ́ ọkùnrin náà ò le tó bó ṣe ń ṣe é lẹ́nu. DNA tó ti já wẹ́wẹ́ máa ń léfòó nínú omi ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn. Tí ègé kéékèèké bá ti pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn dókítà á fura sí jẹjẹrẹ. Ìkànnì kan wà lórí ayélujára tó ń wọn gígùn àwọn ègé náà: wàá gbé fáìlì sí i, wàá tẹ̀ ẹ́, wàá dúró. Ìkànnì ló ń ya àwòrán. Ọ̀gá wa ló ń gba oríyìn.

Ìyá ọkùnrin náà ni ò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Ó ní ọmọ òun ò ní fẹ́ ẹni tó ti kó jáde nílé ọkọ rí.

Nígbà tí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rù, dókítà ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Obìnrin yìí ló gbà á láàárọ̀, ìyá sì kí i kú iṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Inú àwọn olólùfẹ́ dùn débi pé wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé tí wọn ó jọ gbé. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí obìnrin náà tó rántí gbé ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń fi òòyì ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀.

Àwòrán jáde, ó rẹwà. Ègé kéékèèké ò tó nǹkan. Ọ̀gá Àwòrán ò dúró de dókítà, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè. Ìyá dúpẹ́, ó ní níwọ̀n ìgbà tóun ò ní í kú, kó mú ọmọbìnrin náà wá sílé.

Ìgbà tó tún ṣí àwòrán náà, kó lè fi yangàn fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ló rí i pé ègé gígùn ti pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ kó tó dé inú ẹ̀rọ, sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀ á bẹ́, DNA tiwọn á sì bo àwọn ègé kéékèèké mọ́lẹ̀. Ó lọ bá olólùfẹ́ rẹ̀.

"Ìfẹ́ mi, ìgbà wo lo gbé ẹ̀jẹ̀ Màámi sẹ́rọ?"

"Ìgbà tó o jẹ́ kí n dìde."

"Tá a bá sọ fún Màámi, wọ́n á lé mi," obìnrin náà ní.

"Tá ò bá wá sọ ńkọ́?"

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí, olówó orí mi. Jẹ́ ká lọ sọ."

Ìyá gbọ́ tán, kò pariwo. Ó ní òun mọ̀ pé ìfẹ́ máa ń fọ́ èèyàn lójú, òun ò mọ̀ pé ó tún máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ jẹ́. Ó ní kí obìnrin náà máa lọ sílé, kó má sì padà wá.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí ègé kéékèèké pọ̀ bí eéṣú. Àwọn dókítà wá a dé ìdí, wọ́n bá jẹjẹrẹ níbi tí kò tíì tàn ká. Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, kò sì tètè parí. Ó rẹ ìyá, ó rẹ ọmọ; olólùfẹ́ méjèèjì sì ń rí ara wọn lẹ́yìn ìyá, láìrójú sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì gún ọwọ́ ìyá títí, kò rí iṣan. Ìyá fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ lọ bá mi pe ìyàwó mi wá."

Nọ́ọ̀sì béèrè ìyàwó wo.

"Mélòó ni mo ní? Èyí tó ba ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́, tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ fún mi."

Obìnrin náà dé, ó di ọwọ́ náà mú, ó gún un lẹ́ẹ̀kan péré, ó rí iṣan. Kò sẹ́ni tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó lọ́jọ́ náà. Ìyá ti sùn lọ sí èjìká rẹ̀, ó ń hanrun.