Ilé Iwin Tó Dé Láti Ajue

Ilé ni Límátù kọ́kọ́ rí kó tó rí ẹni tó gbé e sórí. Ilé onípákó kékeré kan ni, kò tóbi ju páálí ọṣẹ lọ. Òrùlé rẹ̀ wọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, fèrèsé rẹ̀ méjèèjì dúdú kirikiri, ó sì ń yọ gọngọ lókè orí gbogbo èèyàn tó tò sórí ìlà mílíìkì àti ṣúgà ní Ore láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà díẹ̀ á rántí àsìkò yẹn. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbàjọba ni, ohun gbogbo sì wọ́n bí ojú. Bí o bá fẹ́ ra agolo mílíìkì kan, wàá tò, sójà á sì dúró tì yín pẹ̀lú kóbókò kí ẹnikẹ́ni má baà já ìlà. Ẹ̀rín kì í sí lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀, àfi ọjọ́ tí mò ń sọ yìí.

"Ìwọ, kí lo gbé sórí?" Sójà náà fi kóbókò tọ́ka sí i.

"Ilé ni, sà."

"Ta ló ń gbé inú ẹ̀?"

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. "Iwin ni, sà. Ṣùgbọ́n wọn ò sí nílé."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Sójà fúnra rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má baà rí eyín rẹ̀. Límátù ló wà lẹ́yìn ọkùnrin náà gan-an, kò sì lè pa ẹnu mọ́. Ẹnu ọmọbìnrin yìí kì í dákẹ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀.

"Ilé iwin wo ni kò ní òwìwí lórí òrùlé? Kò ní àdán, kò ní ológbò dúdú. Ẹ̀yin èèyàn mi, iwin inú ilé yìí mà tòṣì o!"

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ìka Límátù ló kọ́kọ́ wò: ọ̀dà pupa wà ní àtàǹpàkò, ọ̀dà àwọ̀ ìyeyè wà lọ́rùn ọwọ́. "Mo lè gé òwìwí," ó ní. "Ọ̀dà ni mi ò mọ̀ ọ́n kùn. Èyí tí mo kùn lọ́jọ́sí, adìẹ ni àwọn ọmọdé pè é."

Límátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi kàn wọ́n, mílíìkì ti tán. Ọwọ́ òfo ni àwọn méjèèjì gbé lọ sílé, inú wọn sì ń dùn.

Elisha ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Ajue ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì kan ní Ore, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, àgékù pákó arère tí ọ̀gá rẹ̀ ń dà nù ló sì fi ń kọ́ ilé. Ohun ìṣeré ọmọdé tó ń ti òkè òkun wá kò wá mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èrò ọkọ̀ tó bá sọ̀ ní Ore ṣì ń wá ohun tí wọ́n lè mú lọ fọ́mọ nílé. Ìtàn tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún un ní kékeré ló kọ́ ọ ní ilé iwin.

"Ilé náà wà nínú igbó wa," Elisha sọ fún Límátù. "Gbogbo ẹni tó dé iwájú rẹ̀ ló sá. Wọ́n rí òwìwí, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ṣílẹ̀kùn. Oyin ló bá níbẹ̀."

"Ó sì lá oyin iwin?"

"Ó lá a."

"Ọ̀jẹun ni. Èmi náà á lá a."

Iṣẹ́ Límátù ni kí ó máa kọ ọ̀rọ̀ sára lọ́rì. Bàbá rẹ̀, Gàzálì, awakọ̀ agbégilódò tó ń kó gẹdú, ló mú un lọ kọ́ṣẹ́ ọ̀dà nígbà tó rí i pé ọmọ náà ti fi èédú ya àwòrán kún gbogbo ògiri ilé. Ọ̀dà tó bá ṣẹ́ kù sídìí agolo ni Límátù ń kó wá sábẹ́ igi gúáfà tó wà lẹ́yìn sọ́míìlì. Elisha á fi ayùn kékeré gé òwìwí, àdán, ológbò àti ààbọ̀ òṣùpá. Límátù á kùn wọ́n, wọn á sá wọn, wọn á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ilé. Ilẹ̀kùn tiẹ̀ kì í ṣí, pákó pẹlẹbẹ lásán ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn èrò ọkọ̀ ń rà á, àwọn ọmọ wọn ń ké nítorí ẹ̀rù, wọn kò sì ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ojú ni Límátù máa ń kùn kẹ́yìn. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ló fi ń kán ọ̀dà sí i, kò sì ní í mí títí yóò fi ṣe tán.

"Kí ló dé tí ojú fi ń gbẹ̀yìn?" Elisha bi í.

"Ohun tí a bá ti kun ojú rẹ̀ ti jí nìyẹn. Ṣé o fẹ́ kó jí kó bá ara rẹ̀ níhòòhò ni?"

Ibi tí Elisha ti ń wo ẹnu tó sọ ọ̀rọ̀ náà ni ayùn ti gé e níka. Límátù pariwo, ó fa etí gèlè rẹ̀ ya, ó fi di ìka náà. Ó dì í tán, kò sì fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"Límátù, mo fẹ́ràn rẹ," Elisha sọ. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ ọ́."

"Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn tó mi. Èmi náà fẹ́ràn rẹ, olówìwí mi. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò ní í gbà á lẹ́nu mi. Wá fojú ara rẹ hàn wọ́n."

Nígbà tí Límátù sọ fún un, Gàzálì kò le. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn gan-an kò dà á láàmú, nítorí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá tó bí i. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Kó wá lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Kí n fojú rí i."

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá Elisha ránṣẹ́ pè é. Òjò ò dá, kòkó ń jẹrà lórí igi, obìnrin náà nìkan ló sì wà lóko. Elisha lọ sí Ajue. Nígbà tí Jímọ̀ dé, òun kọ́ ló wọ àgbàlá Gàzálì. Olúsọjí, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Ajue, ló já wọlé. Ó gbé ilé iwin kan kalẹ̀, ó ní, "Láti Ajue ni o, Bàbá!" Àwọn èrò rẹ̀ ń pariwo lójú títì, ó sì sáré padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Wàyí o, bàbá tó bí Gàzálì ti ṣe ìránṣẹ́ ọba rí. Àrokò ló ń gbé láti ìlú dé ìlú. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹnìkan bá fi ránṣẹ́ láìsí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, lójú Gàzálì, ohun náà gan-an ni ọ̀rọ̀. Ó yí ilé náà po lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbínú wá gùn ún.

"Òwìwí lórí òrùlé: ibi ń bọ̀ nílé mi. Ilẹ̀kùn títì: kí n má dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilé iwin: a kì í ṣe èèyàn. Límátù! Mo ní kó wá fojú hàn mí, ó pè mí ní iwin!"

Límátù sáré jáde. Ó mọ òwìwí náà. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo kun òwìwí yẹn."

"Hẹ̀n? Ọwọ́ rẹ lo fi kun ohun tí wọ́n fi bú mi?"

"Ohun ìṣeré ọmọdé ni, Bàbá."

"Ọmọdé wo ló wà nílé yìí? Àbí èmi ni ọmọdé?"

Ẹkún bọ́ lójú Límátù. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Inú omijé náà ló ti rí i pé ilẹ̀kùn ilé yìí kò jọ ti àwọn yòókù. Awọ pẹ́ńpẹ́ méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ó ṣeé ṣí. Ó na ọwọ́ sí i.

"Má fọwọ́ kàn án!" Gàzálì gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. "A kì í tú àrokò burúkú nílé ara ẹni. Ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ là ń dá a padà sí. Lọ́la ni màá gbé e kalẹ̀ níwájú wọn. Bí mo bá ti gbé e kalẹ̀, ó parí. Ìwọ á kó ẹrù rẹ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìwó, wàá sì gbàgbé Ajue."

Ọkàn Límátù gbọgbẹ́. Ó mọ bàbá rẹ̀: ohun tó bá dá padà, kì í tún gbà á mọ́ láyé. Ó kúnlẹ̀, kò bẹ̀bẹ̀ fún ju ohun kan lọ. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e dé ọ̀hún."

Gàzálì wò ó. "Ó dáa. Kí ẹlẹ́rìí wà."

Báyìí ni agbégilódò ṣe gbéra láti Ore lọ́jọ́ kejì láìru gẹdú kankan. Ilé iwin ló rù, lórí itan Límátù. Wọ́n kọjá Odigbo. Gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá já sí ni nǹkan ń dún nínú ilé náà, kò, kò, kò.

"Kí nìyẹn?" Gàzálì béèrè.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Ṣé kí n wò ó?"

"Ẹni tó ń gbé àrokò kì í tú u. Gbé e jìnnà sí mi." Ọkùnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé ìtì igi gba inú igbó kọjá sún mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìbànújẹ́, Límátù ì bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Elisha wà lórí òkìtì kòkó pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Ó rí wọn, àdá bọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Gàzálì kò dá a lóhùn. "Àgbà ilé yìí dà?"

Ìyá Elisha, Monílọ́lá, jáde wá. Opó ni, ara rẹ̀ yá gágá. Ó kúnlẹ̀ kí àlejò rẹ̀, ó bu omi sínú igbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá.

"Mi ò ní í tíì mu omi yín, Ìyá." Gàzálì gba ilé lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ fi èyí ránṣẹ́. A ti gbọ́ ohun tó wí. A gbé e padà fún yín."

Monílọ́lá wo ilé náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo Gàzálì. "Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹ ṣílẹ̀kùn rẹ̀?"

"Kí n ṣílẹ̀kùn iwin?"

"Yé, èmi Monílọ́lá!" Ẹ̀rín ti ń gbé e, ó ń gbìyànjú láti pa á mọ́ra nítorí àgbà. "Ẹ̀yin náà sá! Ẹ wo òwìwí, ẹ sì sá!"

Orí Elisha ṣì wà nílẹ̀. "Bàbá, mo ní kí Olúsọjí sọ fún yín pé mò ń bọ̀ lọ́túnla, pé kòkó ló dí mi lọ́wọ́. Mo ní kó sọ pé kí ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Kò sọ nǹkan kan! 'Láti Ajue ni o,' ó tẹná mọ́tò!" Gàzálì yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu iwájú orí. "Límátù, ìwọ lo kun òwìwí. Ìwọ ni kó o ṣí i."

Límátù kúnlẹ̀ ti ilé náà. Ó fi ìka kan fa ilẹ̀kùn náà, ó sì ṣí wẹ́rẹ́. Ìgò oyin kékeré kan ló wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà ni ọmọ onígi méjì jókòó sí, ọkùnrin àti obìnrin. Ọkùnrin náà ní ohun tí wọ́n dì mọ́ ìka. Obìnrin náà ní ọ̀dà pupa ní àtàǹpàkò, wọ́n kùn ún kọjá ààlà ni o, ẹni tó kùn ún kò mọ ọ̀dà lò rárá. Ojú àwọn méjèèjì sì mọ́ lásán. Kò sí ẹyinjú kankan níbẹ̀.

"Mi ò kun ojú wọn," Elisha sọ. "Iṣẹ́ rẹ ni. Bó o bá fẹ́ mi, kùn ún. Bó ò bá fẹ́, jẹ́ kí wọ́n máa sùn."

Límátù fẹ́ fèsì. Ẹnu tí kì í dákẹ́ láyé dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ló wò.

Gàzálì ń wo ìka tí wọ́n dì, ó sì ti mọ ibi tí etí gèlè ọmọ rẹ̀ tó ya wọ̀ lọ. Ó tẹ̀ síbi ògiri, ó fa ẹyọ kan yọ nínú ìgbálẹ̀ Monílọ́lá, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Agolo ọ̀dà kì í kúrò nínú báàgì rẹ," ó ní. "Kí lò ń wò?"

Límátù jókòó sílẹ̀. Ó ki ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ ọ̀dà dúdú, ó mú èémí dúró. Ó kun ojú obìnrin náà, ó jẹ́ kó kọjú sí ọkùnrin. Ó kun ojú ọkùnrin, ó jẹ́ kó kọjú sí obìnrin. Ìgbà yẹn ló tó mí, ó sì rí i pé Elisha náà kò tíì mí.

Gàzálì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo inú ilé náà fún ìgbà pípẹ́.

"Wọ́n ti rí ara wọn," ó ní. "Dìde, Elisha ọmọ mi, ẹrẹ̀ ti bò ọ́ tán. Òwìwí yìí, mi ò dá a padà mọ́. Iwájú ọkọ̀ mi ló máa jókòó sí." Ó nàró, ó yíjú sí Monílọ́lá. "Ìyá, omi tí ẹ bù fún mi lẹ́ẹ̀kan dà? Òùngbẹ ti ń gbẹ mí láti Ore."