A Ti Gbọ́n, A Ò Ní Gbọ̀n

"Ẹ gbé ìparí rẹ̀ sókè!" ni Ọ̀gá Bọ́tìnì pariwo láti ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Orin tó bá parí sí ìsàlẹ̀, oorun ni yóò máa kùn àwọn tó ń gbọ́ ọ."

Sítúdíò tó ti ń gba orin àwọn èèyàn sílẹ̀ kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ. Tìmùtìmù àtijọ́ ni wọ́n kàn mọ́ ara ògiri kí ariwo ìta má baà wọlé, ooru ibẹ̀ sì tó se ẹyin jinná. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta dúró yí gbohùngbohùn kan ṣoṣo ká: Òpó, tó ga ju àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ, Ẹlẹ́rìn-ín, tí ẹnu rẹ̀ kì í padé, àti Jẹ́jẹ́, ọmọ aránṣọ, tó kọ orin náà sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè àfi tó bá ń kọrin.

Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé wọn ló lé wọn kúrò lẹ́yìn yàrá ìkàwé, níbi tí wọ́n ti ń kọrin lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀yin aláriwo, ẹ ò ní gbọ́n láyé yín!" Wọ́n gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ ara wọn di Ẹgbẹ́ Aláriwo. Jẹ́jẹ́ sì fi orin àkọ́kọ́ wọn dá a lóhùn: "A ti gbọ́n, a ò ní gbọ̀n."

Gbọ́n ti àkọ́kọ́ gòkè, ti ọgbọ́n ni. Gbọ̀n ti ìkẹyìn sọ̀ kalẹ̀, èyí tí ìbẹ̀rù ń mú ara ṣe ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Jẹ́jẹ́ ṣe gbé ohùn orin náà. Ọ̀gá Bọ́tìnì wá yí i po: ó fa ti àkọ́kọ́ wálẹ̀, ó gbé ti ìkẹyìn sókè. Etí Jẹ́jẹ́ ta. A ti gbọ̀n, a ò ní gbọ́n! Ta ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣẹ́ irú èpè bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀?

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ̀rọ̀ yẹn..."

"Ọ̀rọ̀ wo? Ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀? Ìlù ni wọ́n ń jó sí. Ọ̀fẹ́ ni mo ń ṣe é fún yín o, àwọn mìíràn sì wà níta tí wọ́n ń dúró dè mí."

Òpó fi ìgbọ̀nwọ́ gún Jẹ́jẹ́ ní ìhà. "Má bà á jẹ́ fún wa," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. Jẹ́jẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì kọ orin náà bí wọ́n ṣe ní kó kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fipá mú un.

Ọ̀gá Bọ́tìnì fi orin náà ránṣẹ́ sí rédíò, wọ́n sì gbé e jáde ní Sátidé. Jẹ́jẹ́ ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan sì dúró nínú aṣọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ há káàkiri. Ẹsẹ̀ ìyá dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Kí ni mo gbọ́ yẹn?"

"Orin wa ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé orin yín ni. Ẹ ti gbọ̀n, ẹ ò ní gbọ́n? Ta lẹ ṣẹ̀?"

Oníbàárà rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un níbàdí. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé Ọ̀gá Bọ́tìnì ló yí i, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Ṣé o ò gbọ́ nígbà tó ń yí i ni, àbí o gbọ́ o sì dákẹ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Kò bá a wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì dun Jẹ́jẹ́ ju ìbáwí lọ.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, gbogbo ilé ìwé ló ti mọ̀ ọ́n kọ. Àwọn ọmọ kékeré ń gbọ̀n jìnnìjìnnì lórí ìlà, wọ́n ń pariwo pé, "A ò ní gbọ́n!" Igbákejì ọ̀gá fúnra rẹ̀ fi Ẹgbẹ́ Aláriwo ṣẹ̀sín. "Ṣebí mo sọ ọ́? Ẹ ti fi ẹnu ara yín jẹ́wọ́." Ẹlẹ́rìn-ín pa ẹnu dé láti àárọ̀ títí wọ́n fi ṣíwọ́ ní ilé ìwé. Ojú ti Jẹ́jẹ́ débi pé kò lè gbé orí sókè nínú kíláàsì, inú sì ń bí i, sí ara rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Bọ́tìnì ránṣẹ́ pè wọ́n. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Gbogbo èèyàn ló ń fi orin yín ṣẹ̀fẹ̀! Ẹ̀rín ló ń gbé orin káàkiri, ẹ̀yin ọmọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní kí ẹ wá kọ ọ́ lójúkojú ní Sátidé. Ẹ wọ aṣọ apanilẹ́rìn-ín, kí ẹ sì máa gbọ̀n bí ẹ bá ti ń kọ ọ́. Ẹ máa gbajúmọ̀ ju olówó lọ."

"Ṣebí òkìkí là ń wá?" ni Òpó wí.

"Òkìkí òmùgọ̀ kọ́," ni Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn. Ó kọjú sí ọ̀gá. "Ẹ má bínú, sà. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Tí a bá máa kọ ọ́, bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé mi la máa kọ ọ́."

"Ìlù mi ńkọ́? Ẹ ò ní rí i lò. Ẹ ò sì ní gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé mọ́."

Ẹ̀rù ba Jẹ́jẹ́, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn. "Ó dàbọ̀, sà."

Òpó yẹra fún Jẹ́jẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráídè, ó yọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó ro ojú kókó. "Ìyá ìyá mi gbọ́ orin wa, ó wá ń bẹ Ọlọ́run lójú mi pé kí n má gbọ̀n, kí n sì gbọ́n," ló wí. "Ó gba àdúrà lé mi lórí! Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ tún un ṣe."

Ní Sátidé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó jókòó. "Àwọn ọmọ tí ò ní gbọ́n ti dé o! Aṣọ ẹ̀fẹ̀ yín dà? Ìlù yín dà?"

"A ò mú un wá, sà," ni Jẹ́jẹ́ wí. Ó sún mọ́ gbohùngbohùn. "Orin tí ẹ gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àṣìṣe ni. Mo gbọ́ àṣìṣe náà níbi tí a ti ń gbà á sílẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo dákẹ́. Mi ò ní dákẹ́ mọ́. Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe yẹ: re re mí. Re dò mí dò."

Ẹlẹ́rìn-ín ṣá àtẹ́wọ́, Òpó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, wọ́n sì jọ gbé e: "A ti gbọ́n, a ò ní gbọ̀n!" Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń bá wọn lu tábìlì.

Ọ̀gá Bọ́tìnì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ẹlẹ́yà kò sì tán ní ilé ìwé. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kan dúró ní géètì tí wọ́n ń kọ èyí tó lòdì. Jẹ́jẹ́ kò sá. Ó dúró níwájú wọn, ó wò wọ́n lójú, ó sì kọ tirẹ̀ sókè títí tiwọn fi kú mọ́ wọn lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, bí ẹnikẹ́ni bá yí ọ̀rọ̀ yín po lójú yín, ẹ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Ohùn yín lè máa gbọ̀n. Ẹ ṣáà ti sọ ọ́.