Òdo Pupa Inú Ìwé Mi

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe tíṣà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbọ́ irọ́ lẹ́nu ọmọ oríṣiríṣi, mo sì mọ bí irọ́ ṣe ń rí. Èyí kì í ṣe irọ́.

Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jàpáànù, ọmọ ibẹ̀ ló sì fẹ́. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Kékeré là ń pè é. Kékeré kò gbọ́ Yorùbá rárá. Mo bá ìyá rẹ̀ jà lórí ẹ̀ títí, ó ní, "Màámi, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè kọ́ ọ." Bí a bá pe ara wa lórí fóònù, Kékeré á wò mí fìrí, á sá lọ. Lọ́jọ́ kan, ó bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè kan kó tó sá. Mo ní kí ló wí. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ń fọ̀rọ̀ pamọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ó ní ta ni ìyá yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn. Ọmọ ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní, kò mọ̀ mí. Ó ku oṣù kan ààbọ̀ kó pé ọmọ ọdún méje. Mo pinnu pé lọ́jọ́ náà, èdè rẹ̀ ni màá fi bá a sọ̀rọ̀, kó má ráyè sá.

"Pẹ̀lú orí ewú yìí?" ọkọ mi bi mí. Aago ló ń tún ṣe, nínú pálọ̀ wa. Bí ogójì aago ló wà lára ògiri, tí wọ́n ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

"Orí ewú kì í ṣe orí òfo," mo dá a lóhùn.

Mo rí ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Fídíò wà níbẹ̀, ìdánrawò wà níbẹ̀. Ohun tó le jù ni àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́ńpẹ́ bíi wa, ga, o àti ni, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ mìíràn láti fi ẹni tó ṣe nǹkan hàn, tàbí ohun tó ṣe, tàbí ibi tó wà. Wọ́n kéré, wọ́n sì ń ta bí agbọ́n. Bí o bá ṣi ẹyọ kan lò, ìwọ tó o fẹ́ jẹ ẹja, ẹja á jẹ ọ́. Gbólóhùn mẹ́wàá ni mò ń fúnra mi kọ sínú ìwé lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo lọ gbé omi tíì kaná. Nígbà tí mo padà, ẹnì kan ti máàkì iṣẹ́ mi. Pẹ́ńsùlù pupa. Tíìkì mẹ́ta. Òdo méje.

Ọkọ mi ń ti ìta wọlé bọ̀ ni. Ó lọ gbé aago fún oníbàárà.

"Ẹ̀yin lẹ máàkì ìwé mi?"

"Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé? Ṣé o yege?"

"Ẹ má bá mi ṣeré. Òdo méje."

"A jẹ́ pé kó o lọ kàwé sí i nìyẹn, Tíṣà."

Inú bí mi. Èmi tí mo ti fi òdo pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún! A ò sì ní pẹ́ńsùlù pupa nílé. Bírò ni mo fi ṣe tíṣà.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ìwé náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo jókòó tì í. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, oòrùn ti mú, ẹnì kan ń fọ ọkọ̀ níta. Lójijì, nǹkan kan dákẹ́. Mi ò mọ ohun tí í ṣe. Ọkọ mi ló mọ̀.

"Tíṣà," ó ní jẹ́jẹ́. "Àwọn aago."

Gbogbo wọn ti dúró. Kò sí èyí tó ń dún.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn la ti gbọ́ ọ. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹnu pẹ́ńsùlù lórí bébà. Á yí po, á dúró díẹ̀, á tún yí po tàbí kó fa ìlà. Mo ń kà á. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá. Lẹ́yìn náà, gbogbo aago bẹ̀rẹ̀ sí í dún padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé mi nìkan ló wà níbẹ̀. Òdo mẹ́jọ, tíìkì méjì.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ òdo mẹ́jọ yẹn dùn mí ju ẹ̀rù náà lọ.

Mo ní ó dáa, ẹni yòówù kó jẹ́, ó gbọ́ èdè náà. Gbólóhùn tó bá tíìkì ni mò ń há sórí de ọjọ́ ìbí. Èyí tó bá fún ní òdo, mo fi ìlà dá a nù. Lójoojúmọ́ ní aago mẹ́wàá, àwọn aago á dákẹ́, pẹ́ńsùlù á bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aago tí ọkọ mi tún ṣe ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta falẹ̀. Òdo mi náà ń pọ̀ sí i. Bí mo ṣe ń kàwé tó ni mò ń fìdí rẹmi tó. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, òdo mẹ́wàá ni mo gbà. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo sunkún. Mo ní kí ọkọ mi bá mi sọ fún wọn pé ara mi ò ní yá lọ́jọ́ Sátidé.

Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sórí tábìlì rẹ̀, ó ń wo àwọn fídíò ìkànnì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ògiri mú.

"Tíṣà, wá wò ó."

Iléèwé kan ní Jàpáànù ni wọ́n fi hàn. Tíṣà ibẹ̀ ń máàkì. Èyí tí ọmọ bá gbà, á yí òdo sí i. Èyí tí kò bá gbà, á tíìkì í.

"Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá lo gbà," ọkọ mi ní, "lo wá ń sunkún."

Àṣé àṣìṣe ni gbogbo ohun tí mo há sórí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kó àwọn gbólóhùn tí mo ti dá nù jọ padà. Mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun.

Lọ́jọ́ Sátidé, Kékeré yọjú fìrí. Ó ti fẹ́ sá. Mo sọ ọ́ lédè rẹ̀ pé, "Èmi ni ìyá ìyá rẹ. Mò ń kọ́ èdè rẹ kí n lè gbọ́ ohun tó ò ń sọ." Ó dúró. Ó padà wá. Ó sún mọ́ fóònù títí mi ò fi rí ju imú rẹ̀ lọ. Ó ní kí ni kí òun máa pè mí. Mo gbọ́ ọ. Ayọ̀ mi kò ṣeé fẹnu sọ. Mo ní kó máa pè mí ní Ìyá àgbà. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó sáré lọ jẹ kéèkì rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ gba fóònù. "Màámi, ta ló kọ́ yín?"

"Mi ò mọ̀."

Ó rò pé mò ń ṣàwàdà. "Ẹ̀yin àti Kékeré jọra. Òun náà ń ṣe tíṣà. Tó bá ti iléèwé dé, á jókòó sídìí tábìlì, á máa fi pẹ́ńsùlù pupa yí òdo. Kò sì sí ìwé kankan níwájú rẹ̀."

"Eré ọmọdé ni," mo ní.

"Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ pẹ́ńsùlù yẹn ń tán, Màámi. Mo ti ra mẹ́ta lóṣù yìí. Mi ò rí ohun pupa kan tó fi í kọ ní gbogbo ilé."

Mo bi í ní àsìkò tó máa ń ṣe é. Ó sọ ọ́. Mo ṣírò rẹ̀ sí aago tiwa. Mẹ́wàá òwúrọ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn aago tún dákẹ́. Pẹ́ńsùlù bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yí po lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń kọ, díẹ̀díẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Lójú ewé tí mi ò tíì kọ nǹkan kan sí, lẹ́tà pupa gbàgàdà-gbagada, wọ́gọwọ̀gọ: IYA AGBA. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló kọ ọ́. Kò fi àmì ohùn kankan sí i. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gé máàkì lára ọmọ nítorí àmì ohùn.

Mi ò gé ti èyí. Mo mú bírò pupa mi. Ọwọ́ mi ti fẹ́ tíìkì, bó ṣe mọ́ ọn lára. Mo dá a dúró. Mo wá yí òdo sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Mo dá ìwé padà, mo ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Àwọn aago ò tíì dún. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí mo tì, a gbọ́ ọ tí ẹnì kan rọra ṣí ìwé.