Àpò Kòkó Mẹ́ta Tó Bu ní Ọ̀rẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́ wá kó kòkó àwọn àgbẹ̀ Omifunfun lọ sí èbúté Èkó, Eli, alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, fọwọ́ kan àpò mẹ́ta nínú sítọ̀ wọn ní Ọ̀rẹ̀, ó sì figbe ta. Àpò náà tutù. Kòkó inú wọn ti bu, ó hu funfun. Bí oníbàárà òkè òkun bá rí i, gbogbo ọgọ́ta àpò wọn ni yóò dá padà, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ta kòkó wọn fúnra wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò sì padà sọ́wọ́ àwọn alágbàtà.

Ilẹ̀kùn kò já. Tàwàkálítù, opó tó ń ṣọ́ sítọ̀, nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Kí aago mẹ́jọ tó lù, wọ́n ti ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀, wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ni yóò sùn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá, Ẹfúnróyè, ni wọ́n rán wá láti Odígbó. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, obìnrin yìí wù mí. Kì í pariwo, kì í gbá ènìyàn létí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ojú rẹ̀ ń fò. Ó wo òrùlé, kò jò. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi rán ẹnu àpò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán mẹ́ta tó bu, wọ́n sì ṣe etí sí igun wọn méjèèjì, níbi tí alábàárù yóò ti dì í mú.

"Ta ló ń bínú yín?" ó bi Eli.

"Kàsímù alágbàtà ni, mà! Ó sọ ní gáréèjì pé kòkó wa ò ní dé òkè òkun. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Wọ́n pe Kàsímù. "Wàlláhì, mo sọ ọ́, inú ló ń bí mi," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò n'Ílọrin níbi tí ìyàwó mi bímọ sí. Àná ni mo dé. Tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò mi rèé."

Ìnsípẹ́kítọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. "Kòkó kì í bu lóòjọ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí omi ti wọ àpò wọ̀nyí, ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Màmá, ta lẹ fi sílẹ̀ níbí nígbà tí ẹ lọ kírun Jímọ̀?"

Tàwàkálítù wolẹ̀, kò fèsì.

Bàbá Ọlọ́runṣògo wà láàárín èrò, ẹni ọgọ́rin ọdún tó ti yẹ kòkó wò fún Bọ́ọ̀dù láyé ìgbà tí ìjọba nìkan ń ra kòkó, tó ń dá iye lé e, tó sì ń tà á fún òyìnbó. Ẹfúnróyè di etí àpò kan mú.

"Ọmọdé tí kò kọ́ṣẹ́ ló rán èyí," ó wí.

"Ọmọdé báwo?" Bàbá já wọ àárín. "Ọwọ́ Bọ́ọ̀dù nìyẹn! Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ta ló tún mọ̀ ọ́n rán ní gbogbo Ọ̀rẹ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan mọ́, Bàbá?"

"Àfi èmi! Àwọn ẹgbẹ́ mi ti kú tán."

Gbogbo èrò yíjú sí i.

Ẹfúnróyè kúnlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Iṣẹ́ yín dára, n kò rírú rẹ̀ rí, òun ló sì tú àṣírí yín. Ẹlòmíràn ìbá rán an wúruwùru, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín kò gbà. Màmá yìí kò lè ti àgbà síta nígbà tó ń lọ sí mọ́sáláṣí, kò sì fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ àgbà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìdákẹ́ rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé àgbà ni. Ẹ bu omi nínú àgbá àlùwàlá rẹ̀, ẹ tú ẹnu àpò mẹ́ta, ẹ dà á sí i, ẹ sì rán an padà."

Omijé bọ́ lójú Bàbá. "Láti ìdájí ni àwọn àgbẹ̀ máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Láìsí òǹtẹ̀ mi, kòkó kankan ò lọ. Ìjọba tú Bọ́ọ̀dù ká, kò sẹ́ni tó kí mi mọ́. Àwọn wọ̀nyí wá fẹ́ tà á fúnra wọn, wọn ò tiẹ̀ wá bi mí léèrè."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n ti Tàwàkálítù ṣe mí jù. Ìnsípẹ́kítọ̀ mú Bàbá wọ mọ́tò ọlọ́pàá, kò dè é lọ́wọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Ajue gbé àpò mẹ́ta wá dípò. Wọ́n fi ọ̀bẹ la díẹ̀ nínú rẹ̀ wò: ó gbẹ, inú rẹ̀ pọ́n dáadáa, kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Orí mi wú.

Ọkọ̀ dé lọ́sàn-án. Eli na ìwé ẹrù sí Tàwàkálítù, kò lè wò ó lójú. "Màmá, ẹ forí jì wá. Ta ni ká ní kó tẹ̀lé kòkó yìí dé Èkó?"

Ó gba ìwé náà, ó so ìborùn rẹ̀ le, ó gun iwájú ọkọ̀.

"Èmi ni mo ń ṣọ́ ọ," ó wí. "N ó ṣọ́ ọ títí yóò fi wọ ọkọ̀ ojú omi."