Iná Pupa Lẹ́yìn Ọkọ̀ Suhayr

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ló gbé Suhayr dé ọ̀dọ̀ Raghib. Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní pápá eré-ìje ló dá a padà. Wọ́n ní ọkọ̀ tí iná bíréèkì rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ kò ní bá ẹnikẹ́ni sáré mọ́. Ló bá ní kí wọ́n fi ọkọ̀ ńlá gbé ọkọ̀ náà lọ sí Bayadir, níbi tí àwọn mẹkáníìkì ìlú Amman pọ̀ sí.

Raghib riwáyà, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó rí ihò tí iná ti wà rí.

"Ta ló yọ ọ́?"

"Ọkọ mi ni."

"Ẹ bá mi pè wọ́n kí n bi wọ́n ní ìdí ẹ̀."

"Ó ti kú."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bi pé aago mélòó ló lù.

Mutaz ọkọ rẹ̀ ló yọ iná náà fúnra rẹ̀, kí àwọn tó ń lé e bọ̀ nínú eré-ìje má baà mọ ibi tó ti ń tẹ bíréèkì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó tẹ bíréèkì ní kọ́nà, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ̀, ó sì fi gbogbo eré kọ lù ú. Mutaz kò dé ilé ìwòsàn.

Láti ìgbà náà, omijé kò bọ́ lójú Suhayr, ebi kì í sì í pa á mọ́. Bí apá téèyàn sùn lé ṣe máa ń kú tipiri, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ rí. Ó tún ọkọ̀ náà ṣe, ó sì ń fi sáré, nítorí pé ilé dákẹ́ jù.

Raghib kò bá a dárò lọ títí. Ó fi súwíìṣì kékeré kan sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ bíréèkì, ó fa wáyà láti ibẹ̀ dé ẹ̀yìn, ó sì de iná tuntun mọ́ ọn.

"Ẹ wọlé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń wakọ̀ kì í rí iná ẹ̀yìn ara rẹ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ó tàn," ni Raghib wí. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó ti kú. Ẹ tún un tẹ̀."

Ó tún un tẹ̀, kò sì gbé ẹsẹ̀ kúrò mọ́. Raghib dúró lẹ́yìn, ó ń wò ó.

"Ṣé ó ṣì ń tàn?" ni Suhayr béèrè nígbà tó pẹ́.

"Ó ṣì ń tàn. Mo wà níbí."

Bí ó ṣe di pé Suhayr ń padà wá nìyẹn. Lónìí, yóò ní wáyà ń mì. Lọ́la, yóò ní iná ń ṣẹ́jú. Raghib yóò se tíì eléwé míńtì, wọn yóò jókòó, wọn kò sì ní sọ ohun kan tó lórí.

Ní ọjọ́ kan, Raghib gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Suhayr, nǹkan kan ò ṣe iná yẹn. Ìwọ náà mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo fẹ́ kí n fẹ́ ọ."

"Mi ò ní tàn ọ́, Raghib. Inú mi ò dùn, kò sì bàjẹ́. Bí mo bá ní mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, irọ́ ni mo pa."

"Ṣé ara máa ń ni ọ́ tí o bá wà níbí?"

Ó rò ó. "Ibí nìkan ni ara ò ti ń ni mí."

"Ìyẹn tó mi, ẹyinjú mi."

Òbí Suhayr kò sí láyé mọ́, ilé àwọn òbí Mutaz ló ń gbé. Nígbà tí Bàbá Mutaz gbọ́ nípa iná náà, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀.

"Ohun tí ọmọ mi yọ, ta ló ní kí o dá a padà? Yọ ọ́."

"Bàbá, ẹ má bínú, mi ò ní yọ ọ́. Ẹ lè wá riwáyà mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí Suhayr wọ ọkọ̀ náà mọ́."

Bàbá yíjú sí Suhayr. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀, Bàbá."

Suhayr kò bá a jiyàn rí. Bàbá arúgbó náà jókòó lórí táyà kan.

"Tí mo bá gbà pé ó yẹ kí iná wà níbẹ̀," ni ó wí, "mo ti gbà pé ọwọ́ ara ọmọ mi ló pa á nìyẹn."

Ó dìde, ó lọ. Fún ọjọ́ púpọ̀, tí Suhayr bá kí i, kì í dáhùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí eré-ìje tún dé, ó yọ́ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí wọ́n fi yí pápá ká. Ọkọ̀ tó wà níwájú Suhayr yí po lójijì. Suhayr tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Iná pupa tàn yòò. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i, ó yà bàrá, díẹ̀ ló kù kí ó gbá a. Bàbá Mutaz di wáyà náà mú títí eré fi parí.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun alẹ́, ó ní, "Riwáyà yẹn, ta làwọn èèyàn rẹ̀?"

Ni àwọn àgbà ilé Raghib bá wá tọrọ ìyàwó. Wọ́n bu kọfí fún àgbà wọn, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, nítorí àṣà ni pé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án títí wọn yóò fi fún un ní ohun tó bá wá. Ó rojọ́ tán. Bàbá Mutaz wo kọfí tó wà nílẹ̀ náà.

"Suhayr ti kọjá ìyàwó ọmọ lọ́dọ̀ mi," ni ó wí. "Ọmọ mi ni. Ẹ mu kọfí yín."

Nínú ilé ìdáná, Ìyá Mutaz bú sẹ́kún, ó ń sunkún ayọ̀, ó sì ń sunkún ọmọ rẹ̀. Suhayr dúró de omijé tirẹ̀. Kò wá. Ojú tì í.

"Ìyá," ni ó wí, "ebi ń pa mí."

Ìyá arúgbó náà gbójú sókè. "Kí lo wí?"

"Ebi ni. Ó ń pa mí gan-an."

Ìyá Mutaz fi ìborùn nu ojú, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìkòkò kiri.